Ọ̀rọ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́ Àlòkù àti Àwọn Tí Ń Tà Á

 A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí, nítorí ó lè jọ ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ìtàn àwọn ọba wa. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni, àní kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi agbára ẹsẹ̀ wà. Kì í tilẹ̀ í ṣe tuntun rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, bí kò ṣe àlòkù tí ó ti òkè òkun dé, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tòkúnbọ̀. A fẹ́ sọ bí a ṣe lè sọ ọ́ di ohun tí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè gùn láàárín ìlú, bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀, àti bí ó ti yẹ kí a máa tà á. Lórí títà yìí gan-an ni ẹrù ọ̀rọ̀ wa wà.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà ní ọmọdé, bí àgbàlagbà bá ní kí a lọ ti kẹ̀kẹ́ òun wá láti ẹ̀yìnkùlé, kò sí ẹni tí yóò bèèrè irú kẹ̀kẹ́ tí ó ń wí. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní ẹ̀bá títì ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà tí ó ké pe kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń mu epo ni yóò dúró níwájú rẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní Márúwá, nítorí Buba Marwa, ọ̀gágun tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 títí di 1999. Àwọn mìíràn ń pè é ní NAPEP, nítorí ètò ìjọba àpapọ̀ láti mú òṣì kúrò, tí a dá sílẹ̀ ní 2001. Alùpùpù tí a fi ń kó èrò pẹ̀lú gba orúkọ ọ̀kadà láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Àwọn tí ń mu epo ni wọ́n rí orúkọ tuntun gbà. Èyí tí kì í mu epo nìkan ni a gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò bínú sí èdè, nítorí èdè a máa dàgbà; ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ ohun kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a bèèrè bóyá iyì rẹ̀ pẹ̀lú kò ti bá orúkọ náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni iyì rẹ̀ kì í ṣe kékeré ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà kan rí. Ní 1885 ni John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ní ìlú Belfast. Kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn títí di òní kò tíì yà kúrò ní ojú ọ̀nà tí àwọn méjì yìí là. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ọjà òkè òkun dé ẹnu ibodè wa, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ènìyàn fi mọ Raleigh ti Nottingham àti Hercules ti Birmingham bí ẹni mọ orúkọ ẹbí ẹni.

Bí ó bá di ti ọ̀nà jíjìn, ta ni ó mọ̀ ọ́n ju àwọn Òṣómàáló wa lọ? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyí a máa gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá àti títí dé Òkè Ọya. Wọn a tà á ní àwìn, wọn a sì padà wá gba owó wọn nígbà tí àdéhùn bá pé. Inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni orúkọ wọn ti jáde, pé lórí òṣó ni àwọn yóò wà títí tí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rìn, ẹrù lórí. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn di aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń lọ síbi tí ẹsẹ̀ lásán ìbá ti rẹ̀. Nínú èrè rẹ̀ ni a ti kọ́ ilé, nínú èrè rẹ̀ ni a ti rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bákan náà ni olùkọ́ ilé-ìwé, oníwàásù tí ń bójú tó ìjọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, àti àgbẹ̀ tí ó rí owó kòkó gbà, ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ a máa gba owó ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀, bí a ti ń gbà á lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lónìí, nítorí ohun ìní gidi ni.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí ya wọlé ní àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ pọ̀, epo sì rọjú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà dé. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí ti ènìyàn láti gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá gùn ún, wọn a ní nǹkan kò ṣe ẹnu rere fún un ni. Ó wá ku àwọn ọmọdé tí ń fi ṣeré, àti àwọn arúgbó díẹ̀ tí kò fẹ́ fi ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó mú kí a tún yí ojú padà sí i kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ti dópin. Kí ọjọ́ náà tó pé, lítà epo kan kò tó ₦200 ní ilé epo; ní oṣù Keje ọdún kan náà ó ti dé ₦617 ní Àbújá; nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé owó epo, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kò tẹ̀lé owó ọkọ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni iṣẹ́ wa wà. A máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú àti abúlé, kí wọ́n lè fi ìkọ́ni kọ́ra. Lẹ́yìn tí epo wọ́n, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, bẹ̀rẹ̀ sí dé lẹ́yìn tí agogo bá ti lù. A pè é, a sì bá a wí gidigidi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má bínú. Kì í ṣe oorun. Owó ọ̀kadà ọjọ́ márùn-ún ju owó oúnjẹ mi lọ. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ń wọkọ̀ ní ọjọ́ méjì.” Ojú tì wá pé a ti bá a wí kí a tó bi í léèrè. A gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù, a fi díẹ̀ kún owó àjọ tí ó kó, àwa fúnra wa sì bá a lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á.

A kò ní dárúkọ ìlú náà, a kò sì ní dárúkọ ẹni náà. Kẹ̀kẹ́ náà ń dán. Ọ̀dà pupa ni a fi kùn ún láti òkè dé ilẹ̀, ìjókòó rẹ̀ tuntun, aago rẹ̀ ń dún gooro. Àwa tí a ti kọjá àádọ́ta ọdún, tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa yẹ nǹkan wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́, aago ni a lù, ọ̀dà ni a sì yìn. A sanwó, a dúpẹ́, a sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, irin férémù rẹ̀ já níbi oríkèé tí ó wà nísàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ọmọ náà sì ṣubú lulẹ̀ lójú títì, apá rẹ̀ ọ̀tún kán. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Títí di òní, a kò lè rántí ọjọ́ náà kí ara wa má bù máṣọ.

Bàbá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí ọ̀kadà tó gbòde. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ru férémù náà lọ. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà, pọ́tì ni a bá. Lábẹ́ pọ́tì, ìlà dúdú kan tí ó ti dípẹtà, tí ó yí irin náà ká ju ìdajì lọ. Bàbá náà gbé e sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin olùkọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ ṣubú ni irin yìí já. Ó ti já kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tí ó kùn ún ní ọ̀dà mọ̀.”

Ẹni tí ó kùn ún mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé kálàmù lé wa lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ àlòkù ni ó ṣẹ́ apá ọmọ. Àlòkù tí ó dára pọ̀, ó sì lè sin ènìyàn fún ogún ọdún sí i. Ohun tí ó ṣẹ́ apá ọmọ ni pé ẹnì kan mọ òtítọ́, ó sì fi ọ̀dà bò ó.

Nítorí ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, a fẹ́ kọ́kọ́ kọ ohun tí Bàbá náà fi hàn wá sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù lè máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkíní ni férémù. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ sì wo gbogbo oríkèé rẹ̀: nísàlẹ̀ ọwọ́, níbi tí pẹ́dàlì ti kọjá, àti níbi tí òpó ìjókòó ti wọlé. Bí ọ̀dà bá nípọn ní ojú kan ju ibi yòókù lọ, ẹ bèèrè ìdí. Irin gidi tí ó sán, alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ lè jó o. Ṣùgbọ́n férémù alumíníọ̀mù tí ó bá ti sán, ẹ má ṣe rà á rárá, nítorí jíjó rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀bá títì.

Èkejì ni ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ sì wo rímù bí ó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì. Bí ó bá ń jó sí ọ̀tún sí òsì, ó ti wọ́. Ẹ fi ìka ta àwọn sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó le a máa dún, èyí tí ó dẹ̀ kì í dáhùn. Ẹ di ẹsẹ̀ náà mú, kí ẹ mì í sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ń mì, àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti jẹ tàbí kí a tún un dì.

Ẹ̀kẹta ni bíréèkì. Ẹ di ti iwájú mú pinpin, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú; ẹsẹ̀ iwájú kò gbọdọ̀ yí, ti ẹ̀yìn ni yóò fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ẹ rántí pé rímù onírin, bí òjò bá pa á, kì í jẹ́ kí bíréèkì mú dáradára. Rímù alumíníọ̀mù sàn jù ú lọ nínú òjò, èyí sì ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ olókè bí ti wa.

Ẹ̀kẹrin ni ṣéènì. Ẹ̀kọ́ yìí wú wa lórí, nítorí rúlà ọmọ ilé-ìwé tó láti fi ṣe é. Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì láti àárín pín-ìn-nì kan títí kan pín-ìn-nì kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ínǹṣì 12 gééré ni. Bí ó bá ti fà dé 12 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí a kò bá sì pààrọ̀ rẹ̀, yóò jẹ eyín àwọn jíà tí ó ń gùn.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá yege nínú ìdánwò mẹ́rin wọ̀nyí, kò tíì di ti ìlú wa síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àlòkù tí ń bọ̀ láti òkè òkun, títì tiwa kọ́ ni a ṣe wọ́n fún. Òmíràn jẹ́ ti orí àpáta, tí táyà rẹ̀ ní eyín gbọngbọn, tí ìyẹn sì ń fa agbára ẹni tí ó ń gùn ún dànù lórí ọ̀dà. Táyà tí ojú rẹ̀ tẹ́ ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ti eré ìje, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín. A kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí ń gba ọ̀nà oníkòtò kọjá láìjẹ́ pé a wá táyà tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àyè bá wà nínú férémù. Kí a de mọ́gáàdì mọ́ ọn, kí ẹrẹ̀ má ba aṣọ iṣẹ́ jẹ́. Kí a de káríà mọ́ ẹ̀yìn, nítorí ènìyàn wa kì í rìn lọ́wọ́ òfo. Kí iná funfun wà níwájú, kí pupa wà lẹ́yìn, nítorí òkùnkùn a máa tètè ṣú bá ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ẹnu tíúbù pẹ̀lú ṣe kókó. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan láti òkè òkun ní ẹnu tíúbù tínínrín, tí ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà wa kò lè fẹ́. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ sí irú ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, fọkanáísà èyíkéyìí ní ẹ̀bá ọ̀nà lè fẹ́ ẹ. Ihò rímù lè kéré díẹ̀. A ó rọra fẹ̀ ẹ́, a ó sì yún etí rẹ̀ kí ó má baà gé tíúbù. Bẹ́ẹ̀ ni ohun kékeré ti lè sọ kẹ̀kẹ́ àjèjì di ọmọ ilẹ̀.

Ní ti jíà, àwọn kan ń gé gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n ń fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ó má baà máa bàjẹ́. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà, a kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí yóò gun òkè lọ sí Iléṣà láràárọ̀ nílò jíà tí yóò gbà á lọ́wọ́ òógùn. Èyí tí ó sàn ni kí a dín ti iwájú kù sí ẹyọ kan, kí a sì fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé àwọn obìnrin. Kẹ̀kẹ́ tí òpó òkè rẹ̀ rẹlẹ̀ ni ó yẹ ẹni tí ó wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì, irú rẹ̀ sì ń wà nínú àlòkù tí ń dé. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ọlọ́jà tí ó bá gùn ún kò ṣe ohun tí ó tini lójú.

Ìtọ́jú kò ní ìdíwọ́ bí kò ṣe ìgbàgbé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a fi àkísà nu ṣéènì, kí a sì kán ọ́ìlì ẹ̀rọ sí i díẹ̀. Kì í ṣe òróró ìdáná, kì í sì í ṣe epo pupa, nítorí àwọn wọ̀nyí a máa dì, wọn a sì kó eruku ọyẹ́ jọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ni ó ń gé tíúbù nínú kòtò. Kí a máa fún àwọn nọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú pẹ́dàlì òsì kí ó rántí pé òdìkejì ni ó ń tú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ti fi agbára ba irin rẹ̀ jẹ́, wọ́n rò pé àwọn ń tú u, tí ó sì jẹ́ pé dídì ni wọ́n ń dì í.

Nísinsin yìí a dé ibi títà. Àwọn kan yóò wí fún wa pé olówò kì í sọ àléébù ọjà rẹ̀. A dá wọn lóhùn pé àwọn Òṣómàáló kò fi irọ́ là. Ẹni tí ó ta aṣọ ní àwìn, tí ó sì mọ̀ pé òun yóò padà wá jókòó lórí òṣó ní ẹnu ọ̀nà oníbàárà òun, kò jẹ́ ta aṣọ tí yóò ya kí oṣù tó pé. Bí aṣọ bá ya, ta ni yóò sanwó? Pípadà wá rẹ̀ ni ó ń mú kí ó ṣe òótọ́. Ẹni tí ó ta kẹ̀kẹ́ pupa fún wa kò gbèrò láti tún rí ojú wa mọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀dà fi tó o.

Nítorí náà ni a ṣe gba àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n tà á bí ẹni tí yóò padà wá. Kí wọ́n kọ ohun tí a pààrọ̀ àti ohun tí ó kù tí kò tíì dára sí orí ìwé, kí wọ́n sì fún ẹni tí ó rà á. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara férémù sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n tà á fún, kí kẹ̀kẹ́ olè má baà rí ọjà. Kí wọ́n pe oníbàárà padà lẹ́yìn oṣù kan láti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Férémù tí ó bá sì ti sán, kí wọ́n fi ayùn gé e sí méjì lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má lè kùn ún mọ́.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlá ni a ń lá. Ní ilẹ̀ Gánà, láti 1999, àwọn tí a ń pè ní Village Bicycle Project ti ń mú kẹ̀kẹ́ àlòkù láti òkè òkun wá fún àwọn ará abúlé ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní àtúnṣe rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ láìsí ọgbọ́n àtúnṣe yóò di irin lásán. Ní ilẹ̀ Netherlands, tí kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ lónìí, àwọn pẹ̀lú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà kan rí. Epo wọ́n wọn ní 1973. Láti ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba wọn pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má rìn ní ọjọ́ Ìsinmi fún ìgbà díẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn pẹ̀lú, àwọn òbí jáde sí ìgboro nítorí ọmọ wọn tí ọkọ̀ ń pa, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Olówó ni wọ́n, ojú kò sì tì wọ́n.

A kò sọ pé kẹ̀kẹ́ ni oògùn gbogbo ìṣòro. Arúgbó, aláìsàn àti aláboyún kò ní fi rin ọ̀nà jíjìn. Àwọn awakọ̀ wa kì í bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì lábẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní Òríadé, ní Iléṣà àti ní Òṣogbo, pé nígbà tí wọ́n bá ń tún títì ṣe, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa dá gẹ̀gẹ̀rẹ̀ sínú kòtò ọ̀gbàrá. Kí wọ́n fi ìwọ̀n àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. A ń bẹ ẹ̀yin òbí kí ẹ má ṣe fi ọmọ tí ó gun kẹ̀kẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. A sì ń rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá àwọn àgbà atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ó ṣẹ́kù ní ìlú yín rí, kí ẹ sì fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ wọn kí ọgbọ́n náà tó bá wọn wọlẹ̀. Àṣà wa kì í ṣe ti ìlù àti aṣọ òkè nìkan. Ọgbọ́n ọwọ́ wà nínú rẹ̀, òótọ́ nínú òwò sì wà nínú rẹ̀.

Apá akẹ́kọ̀ọ́ wa ti san. Bàbá náà yọ ẹsẹ̀ méjèèjì, bíréèkì àti aago kúrò lára kẹ̀kẹ́ pupa náà, ó sì so wọ́n mọ́ férémù mìíràn tí kò ní ọ̀dà dáradára rárá, ṣùgbọ́n tí gbogbo oríkèé rẹ̀ pé. Èyí ni ọmọ náà ń gùn, kì í sì í pẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀dọ̀ Bàbá ni ó máa ń wà, tí ó ń fi rúlà wọn ṣéènì.

Férémù pupa náà wà lẹ́yìn ilé wa. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà méjì, a kò sì tà á fún wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò tún kùn ún.